Ìjọba, Ìmáàmù àti Pásítọ̀ ní Kàdúná

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, wọ́n pe ìpàdé kan sí Ilé Ìjọba ní Kàdúná lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Àwọn tó ń ṣètò ìlera mọ̀ pé bí àáfáà kò bá bá àwọn ìyá sọ ọ́, tí pásítọ̀ náà kò sì bá wọn sọ ọ́, asán ni àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa gbé kúlà abẹ́rẹ́ kiri àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe àwọn aṣáájú ẹ̀sìn méjèèjì. Ìmáàmù Muhammad Ashafa wà níbẹ̀, Pásítọ̀ James Wuye náà wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn kan tó mọ àwọn méjèèjì fa ọwọ́ wọn pọ̀, ó sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá lè jọ jókòó, wọ́n lè pa iná tó ń jó ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀tá ara wọn ni àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí nígbà náà, ọ̀tá gidi. Nígbà tí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní Zangon Kataf, ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ràn dé ìgboro Kàdúná ní ọdún 1992, Wuye wà lára àwọn tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ Kìrìsìtẹ́nì jọ láti gbèjà ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló ti pàdánù ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ashafa náà ń kó àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí jọ ní ìhà tirẹ̀. Nínú wàhálà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa àgbà àáfáà tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì pa méjì nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Ashafa ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọdún mẹ́ta gbáko lòun fi ń wá bí òun yóò ṣe gbẹ̀san lára pásítọ̀ náà, kí ìwàásù Jímọ̀ kan lórí ìdáríjì tó yí òun lọ́kàn padà. Wuye náà jẹ́wọ́ pé ìkórìíra gba òun lọ́kàn débi pé pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun kan ló là á mọ́ òun lójú pé ẹni tó kórìíra èèyàn kò lè wàásù Kírísítì fún un. Ní ọdún 1995 náà ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Interfaith Mediation Centre. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa wọn, The Imam and the Pastor, jáde ní ọdún 2006, ó sì gbé wọn dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ Kàdúná rí.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé ní Kàdúná, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà tí ìjọba kò tíì gbà láti fi hàn pé òun ka ẹ̀sìn àti àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà sí. Wọ́n ti fi owó ṣe é, wọ́n ti fi ipò ṣe é, wọ́n sì ti fi òfin ṣe é. Nínú gbogbo rẹ̀, ìpàdé abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ìjọba kò pe àwọn èèyàn yẹn wá láti dá wọn lọ́lá, kò ní kí wọ́n wá gba ìwé ẹ̀rí, kò sì pín àpò ìrẹsì fún wọn. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí ìjọba nìkan kò lè dá ṣe, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tó lè bá a ṣe é. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ju ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pe ìpàdé lọ.

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bíi Zaria tàbí Kano. Àwọn Gbagyi ló ń dáko lórí ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó Lugard tó wá pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913, tí wọ́n sì gbé ìjókòó ìjọba apá Àríwá wá síbẹ̀ ní ọdún 1917. Àwọn sójà, òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló kún ibẹ̀, oníkálukú sì gbé ẹ̀sìn tirẹ̀ lọ́wọ́ dé. Ọ̀rọ̀ àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìjọba ti lọ́ mọ́ra níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Ahmadu Bello, Sàrdáúnà Sokoto, jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, òun ló dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Jama'atu Nasril Islam sílẹ̀ ní ọdún 1962, Kàdúná sì ni oríkò ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń rin ìrìn àjò káàkiri láti sọ àwọn èèyàn di Mùsùlùmí. Ní ọdún 1964, àwọn Kìrìsìtẹ́nì Àríwá náà kó ara wọn jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan kí ohùn wọn lè dé etí ìjọba. Ní ọdún 1976 ni CAN, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì Nàìjíríà, dé. Sheikh Abubakar Gumi, tó ti ṣe Kádì Àgbà ilẹ̀ Àríwá, ń ṣe tafsírì ní Mọ́ṣáláṣí Sultan Bello lóṣù àwẹ̀, Rédíò Kàdúná sì ń gbé ohùn rẹ̀ dé ilé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ mọ́ṣáláṣí náà rí. Ẹni tó bá ní kí ìjọba má dá sí ẹ̀sìn rárá ní Kàdúná, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀ ló ń béèrè.

Àwa Yorùbá náà gbé tiwa lọ sókè Ọya. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ọdún 1918, ìjọba amúnisìn ní kí wọ́n ti ilé ìjọsìn pa. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kò dákẹ́ àdúrà, láti inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn sì ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà ti yọ. Ní ọdún 1925, Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, èrò sì ya lọ bá a bí omi. Ní ọdún 1932, ìjọba sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Nígbà tó yá, ojú irin kó àwọn aláṣọ funfun dé Kàdúná, oríkò Ìjọ Kérúbù àti Séráfù Movement, tí a mọ̀ sí Ayọ̀ Ni O, sì wà níbẹ̀ títí di òní. Irú àwọn tí ìjọba ń sọ sẹ́wọ̀n láyé ìjọ́un ni àwọn gómìnà ń lọ jókòó níwájú wọn lónìí nígbà àpéjọ ọdọọdún. Mi ò rí ohun tó burú nínú pé kí gómìnà lọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àga iwájú kò ná ìjọba ní nǹkan kan, kò sì tún ohunkóhun ṣe fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn.

Ẹ̀rù ni ìjọba fi kọ́kọ́ ṣe òfin ìwàásù. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọlẹ́yìn oníwàásù Maitatsine dá rúgúdù sílẹ̀ ní Kano ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, iná náà tún rú ní Rigasa, létí Kàdúná, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982, èèyàn sì kú. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó fi ìwàásù sábẹ́ àkóso. Òfin wà nílẹ̀, síbẹ̀ wàhálà tún bẹ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1987 ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kafanchan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó tó di pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń jó ní Kàdúná, Zaria àti Funtua. Ìjọba Babangida dá ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn lórí ẹ̀sìn sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ́ alága, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì kú sí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2000 dé. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì jáde ní ìgboro Kàdúná láti fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà tó wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, pípa ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún rú padà ní oṣù Karùn-ún. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ fojú bù ú pé àwọn tó bá ìjà méjèèjì lọ tó 2,000. Ìlú náà pín sí méjì. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù odò, sí Sabon Tasha, Narayi àti àwọn àdúgbò tó sún mọ́ ọn. Àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá, sí Tudun Wada, Rigasa àti Kawo. Ẹni tó ti kọ́ ilé sí ìhà tí kò yẹ tà á ní ọ̀pọ̀, ó sì lọ.

Ó dùn mí láti rò ó wò ní ti àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀. Nínú ìdílé Yorùbá, kò ṣe tuntun kí bàbá máa kírun, kí ìyá máa lọ ìsọ́ òru, kí ọmọ kan jẹ́ ti bàbá, kí èkejì tọ ìyá lẹ́yìn. Iléyá, gbogbo wọn á jẹ ẹran. Kérésìmesì, gbogbo wọn á jẹ ìrẹsì. Ìhà odò wo ni kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kó lọ? Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lójú pópó pẹ̀lú àdá kò béèrè àlàyé. Wọ́n ń ní kí èèyàn ka ẹsẹ Kùránì tàbí kó gba àdúrà Olúwa, ìdáhùn yẹn ló sì ń sọ bóyá yóò kọjá tàbí kò ní kọjá. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn padà sílé, sí Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn mìíràn dúró, wọ́n sì ń gbé ní ìhà kan, wọ́n ń ṣòwò ní ìhà kejì.

Gómìnà Ahmed Makarfi wá ọ̀nà àbáyọ tí mo kà sí ọgbọ́n ní àkókò yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, wọ́n dá ilé ẹjọ́ Ṣàríà sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì dá ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kí a má bàa fi òfin ẹ̀sìn kan mú ẹlẹ́sìn mìíràn. Ìjọba ní ọ́fíìsì fún ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí, ó sì ní òmíràn fún ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì. Ìdọ́gba yìí pa iná fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n ó sọ ẹ̀sìn di ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba. Lọ sí ayẹyẹ ìjọba èyíkéyìí níbẹ̀, wàá rí i: wọ́n á pe àáfáà síwájú, yóò ka Fátíhà, àwọn kan á tẹ́ ọwọ́, àwọn yòókù á máa wo ilẹ̀. Wọ́n á pe pásítọ̀, yóò gbàdúrà ní orúkọ Jésù, àwọn tó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á ṣe àmín, àwọn tó tẹ́ ọwọ́ á dákẹ́. Ìdajì gbọ̀ngàn ń dúró de ìdajì kejì kó parí. Ibi tí ìdọ́gba lè mú wa dé nìyẹn.

Ohun tí mo gbà pé ó ju ìdọ́gba lọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 2002. Àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n pè ní Ìkéde Àlàáfíà Kàdúná. Ashafa àti Wuye wà lára àwọn tó ṣe wàhálà ìwé náà, àwọn ará Kàtídírà Coventry láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọn dá sí i, ìjọba Makarfi sì tì í lẹ́yìn. Wọ́n wo irú ìkéde tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ilẹ̀ Mímọ́ ṣe ní Alexandria ní oṣù Kìíní ọdún náà, wọ́n sì kọ tiwọn. Wọ́n dẹ́bi fún pípa èèyàn ní orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fi ìwàásù ru ìkórìíra sókè, àti pé àwọn yóò bá ìjọba ṣe kí àlàáfíà lè jọba. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ipò nítorí rẹ̀. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ìjọ rẹ̀ tó kéré jù lọ lè bi í léèrè ohun tó fi ọwọ́ sí.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìdánwò dé. Ìwé ìròyìn ThisDay gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nípa ìdíje Miss World tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kan Ànábì, inú sì bí àwọn Mùsùlùmí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, wọ́n sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Kàdúná, ìjà tún gba ìgboro, nǹkan bí 250 èèyàn sì kú. Àwọn kan sọ nígbà náà pé ìwé lásán ni Ìkéde náà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé kò lè di ọwọ́ ẹni tó ti mú àdá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ ohun tí àáfáà àti pásítọ̀ wọn ti ṣèlérí.

Nígbà tí Nasir El-Rufai di gómìnà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ó yí ọ̀nà padà. Ó ní ìjọba kò ní fi owó ìlú rán ẹnikẹ́ni lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù mọ́. Nínú èyí, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Abala 10 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba, síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní àjọ fún àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti ọdún 2006, ó sì ní ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì láti ọdún 2007. Ìrìn àjò sí ilẹ̀ mímọ́ jẹ́ ìjọsìn. Ẹni tí Ọlọ́run bá pèsè fún ni kó lọ. Àwọn tí owó ìlú sábà máa ń gbé lọ ni ẹni tó mọ ẹnìkan nílé ìjọba, ìyá tó ń ta ewédú ní Kakuri kò sí nínú wọn. El-Rufai tún da àwọn ọ́fíìsì ẹ̀sìn méjì pọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo. Èyí náà tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tí mo ti bá a jà ni òfin ìwàásù. Ní ọdún 2016, ó gbé àbá kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti fi rọ́pò òfin ọdún 1984. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, Jama'atu Nasril Islam ni yóò máa fún àwọn Mùsùlùmí oníwàásù ní ìwé àṣẹ, CAN yóò máa fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ìwé àṣẹ kan kò sì ní ju ọdún kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ìwàásù kò gbọdọ̀ dún kọjá inú ilé ẹni, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá rú òfin lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san owó ìtanràn 200,000 náírà. Ariwo ta, láti ọ̀dọ̀ àwọn pásítọ̀ àti láti ọ̀dọ̀ àwọn àáfáà. Ó pẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ tí sáà rẹ̀ ń parí lọ fọwọ́ sí i.

Mo mọ ohun tó ń ba El-Rufai lẹ́rù. Rigasa ọdún 1982 kì í ṣe àlọ́, Boko Haram náà sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwàásù ní Maiduguri. Ṣùgbọ́n òfin ti wà tẹ́lẹ̀ tó de ẹni tó bá ru ènìyàn sókè láti pa ẹlòmíràn. Ohun tí ìwé àṣẹ ṣe ni pé ó sọ ẹgbẹ́ ńlá méjì di ẹnu ọ̀nà Ọlọ́run. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Izala bí àwọn tó mú kọ́kọ́rọ́ kò bá fẹ́ràn Izala? Ta ni yóò fọwọ́ sí ti wòlíì kan tí CAN kò mọ̀? Kí la ó ṣe sí obìnrin tó ń kó àwọn aládùúgbò jọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí? Orímọládé kò gba ìwé àṣẹ ní 1925. Babalọlá kò gbà á ní 1930. NASFAT, tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí àṣàlátù lọ́jọ́ Àìkú, bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ àdúrà kékeré ní Èkó ní ọdún 1995. Gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà tí ìjọba ń bọ̀wọ̀ fún lónìí, ìgbà kan wà tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Òfin tó bá ní kí ẹgbẹ́ àgbà máa fún ẹgbẹ́ ọmọdé láṣẹ láti gbàdúrà yóò pa ọmọdé náà.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Sheikh Ibrahim El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ṣíà, rí ohun tó le ju ìwé àṣẹ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn ológun kọlù wọ́n ní Zaria. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé 348 nínú wọn kú, sójà kan sì kú. Akọ̀wé ìjọba fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ náà pé òkú 347 ni wọ́n sin pọ̀ lóru ní Mando, ní Kàdúná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ìjọba Kàdúná sọ ẹgbẹ́ wọn di èyí tí kò bófin mu. Ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga Kàdúná dá El-Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn lè má gba ohun tí ọkùnrin náà ń kọ́ni. Èmi ò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tó sin èèyàn lóru láìfi han ẹbí wọn kò tíì yẹ ní ẹni tó ń pín ìwé àṣẹ ìwàásù.

Nínú ọdún 2017, ìjọba El-Rufai kan náà ṣe ohun tó dára. Ó dá Àjọ Àlàáfíà Ìpínlẹ̀ Kàdúná sílẹ̀, ó sì fi Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Josiah Idowu-Fearon ṣe alága, pẹ̀lú Priscilla Ankut tó jẹ́ igbákejì alága tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Idowu-Fearon ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Kàdúná láti ọdún 1998, ó mọ ìlú náà nígbà tó ń jó. Nígbà tí wọ́n pè é sí iṣẹ́ yìí, òun ni akọ̀wé àgbà fún gbogbo ìjọ Áńgílíkà lágbàáyé. Àjọ náà kì í pín ìwé àṣẹ, kì í sì í rán ènìyàn lọ sí Jerúsálẹ́mù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ jókòó láàárín àwọn tó ń bínú síra wọn.

Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà tí àdúrà yóò fi wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó dàgbà sí Wusasa ní Zaria níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ajíhìnrere, dá ẹgbẹ́ Nigeria Prays sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ó ń lọ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ó ń kó àwọn èèyàn jọ láti gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè, àwọn gómìnà sì ń gbà á lálejò. Olórí orílẹ̀-èdè àná tó ń kúnlẹ̀ ní gbangba láìsí lórí oyè mọ́ jẹ́ ohun iyì. Ohun tó yàtọ̀ sí i ni ìwé tí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 pé kí wọ́n gbààwẹ̀, kí wọ́n sì gbàdúrà kí oúnjẹ lè pọ̀ nílẹ̀ yìí. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń lé kúrò lóko ní Birnin Gwari ti ń gbàdúrà tiwọn. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti ọ̀nà tí kò léwu ni ti ilé iṣẹ́ ìjọba. Irú rẹ̀ wà ní Ghana náà: ìjọba Ààrẹ Akufo-Addo kéde ní ọdún 2017 pé òun yóò kọ́ kàtídírà orílẹ̀-èdè; owó tó ti wọ inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 58 dọ́là lọ, ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n sì rí.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn gómìnà wá wò ni Pásítọ̀ Yohanna Buru ní Sabon Tasha. Bí àwẹ̀ bá dé, ó ń ra oúnjẹ fún àwọn Mùsùlùmí tí kò ní. Bí ọdún bá kù díẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń lọ gbá yídì. Ó ti san owó ìtanràn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Mùsùlùmí kí wọ́n lè lọ ṣe ọdún nílé. Bí Kérésìmesì bá sì dé, àwọn Mùsùlùmí ń wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba lè ṣe fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni kó jẹ́ kí ọ̀nà tó gbà dé yídì wà láìléwu.

Ẹnì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní gbogbo èyí. Nínú àbá òfin ọdún 2016, kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kó fún oníṣẹ̀ṣe níwèé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo sì yọ̀ fún wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná náà, láàárín àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà gúúsù ìpínlẹ̀. Ìgbà wo ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ìjọba yóò kan àwọn náà?

Ohun tí àwọn tó ń gbàdúrà ní Kàdúná ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, wọ́n fi bọ́ǹbù kọlu ṣọ́ọ̀ṣì St. Rita ní àárín ìsìn. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́ 121 ní ilé ẹ̀kọ́ Bethel Baptist. Àwọn òbí wọn ń péjọ sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń sunkún. Gómìnà El-Rufai ní ìjọba kò ní san owó ìtúsílẹ̀, àwọn òbí àti ìjọ ló wá owó. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn Mùsùlùmí ń ṣe Mọ́lúdì ní Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, nígbà tí dírónù àwọn ológun Nàìjíríà fúnra wọn ju bọ́ǹbù lù wọ́n. NEMA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ka òkú 85, ọmọdé àti obìnrin wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ ológun sọ ní ọdún 2024 pé òun yóò gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn ológun. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tí ìjọba ń pè sí ìṣínu àti sí àsè Kérésìmesì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló yẹ kó máa béèrè ibi tí ẹjọ́ yẹn dé, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n.